Páwà báǹkì sólà kan wà lórí Kickstarter, ṣé kí n fowó sí i àbí kí n fi í lẹ̀?

ỌmọAlákétu (Kétu)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará ilé. Mo fẹ́ bèèrè nǹkan lọ́wọ́ àwọn tó máa ń fowó sí ẹ̀rọ tí wọn ò tíì ṣe tán, pàápàá ẹ̀gbọ́n Bàbá Ẹ̀rọ tó máa ń kọ àgbéyẹ̀wò síbí. Páwà báǹkì kan ni mo rí lórí Kickstarter, ìkànnì táwọn èèyàn ti ń dá owó fún ẹni tó fẹ́ ṣe nǹkan tuntun, wọ́n ní 20,000 mAh ni (bí iná tí bátìrì ẹ̀ ń gbà ṣe pọ̀ tó), sólà wà lẹ́yìn ẹ̀, kò tóbi ju fóònù lọ, wọ́n ní téèyàn bá gbé e sóòrùn fún wákàtí mẹ́ta péré ó ti kún. Fídíò ẹ̀ dáa gan-an, ọkùnrin kan ń gun òkè, ó so ó mọ́ báàgì ẹ̀yìn ẹ̀. Yúrò 59 ni fún ẹni tó bá tètè san, ìyẹn bíi 38,700 fráǹkì, wọ́n ní ó máa wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ tó bá dọ́jà. Ọ̀dọ̀ wa níbí iná máa ń lọ nírọ̀lẹ́, MoMo ni mo sì ń ṣe, tí fóònù bá ti kú iṣẹ́ kú nìyẹn. Àwọn kan ti gbé fídíò síta pé àwọn ti lò ó, pé ó ń ṣiṣẹ́. Kí lẹ rí sí i? Báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó jóòótọ́?

Bàbá Ẹ̀rọ (Àjàṣẹ́)

Kú iṣẹ́ àbúrò mi. Má tíì sanwó. Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ ná, torí oòrùn ò mọ fídíò.

Oòrùn ọ̀sán gangan tí kùrukùru kankan ò bò, agbára tó ń bọ́ sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú mítà kan lóòró ò ju nǹkan bíi wáàtì 1,000 lọ. Sólà tó dáa tí wọ́n ń tà báyìí, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ló ń rí mú níbẹ̀. Wá wo ẹ̀yìn fóònù, ká ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 7, oòrùn tó ń bọ́ sórí ẹ̀ ò ju wáàtì mẹ́wàá ààbọ̀ lọ, èyí tí sólà máa rí mú níbẹ̀ ò ju wáàtì méjì. Bátìrì 20,000 mAh, fóltì 3.7 ni wọ́n fi ń kà á, tó o bá sọ ọ́ di wáàtì-wákàtí 74 ni. Pín 74 sí méjì, wákàtí 37 nìyẹn, oòrùn tó mú ganrínganrín láìsinmi o! Oòrùn tó le tó bẹ́ẹ̀, tá a bá ro gbogbo ojúmọ́ kan pọ̀ ní Kétu, ó lè tó wákàtí márùn-ún, torí náà ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kó tó kún. Kó tó lè kún ní wákàtí mẹ́ta tí wọ́n sọ, ojú sólà ẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 35 sí 35. Ṣé o rí ibi tó fẹ̀ tó yẹn lára ẹ̀ nínú fídíò?

Ọ̀rọ̀ ooru tún wà níbẹ̀, èyí ló máa ń dùn mí jù nínú gbogbo àgbéyẹ̀wò tí mò ń kà. Irú bátìrì líthíọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lò yìí, wọn kì í fẹ́ kéèyàn ṣáàjì ẹ̀ tó bá ti gbóná ju dìgírí 45 lọ. Àwọn tó so sólà mọ́ ẹ̀yìn bátìrì ní ká gbé bátìrì gan-an sínú oòrùn. Ẹni tó ń dán an wò lórí òkè tí atẹ́gùn tútù ti ń fẹ́ ò lè mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i lórí páànù ilé wa nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Bátìrì tó ń gbóná bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ ò ní pẹ́ kó tó máa rẹ̀, iye tó ń gbà á máa dín kù. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń lo nǹkan kọjá ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò kí n tó kọ ohunkóhun nípa ẹ̀. Owó ara mi ni mo sì fi ń rà á. Èyí tí gbogbo èèyàn gbà ni mo ń dúró dè, mi ò ní gba èyí tí wọ́n fọwọ́ ṣe fún ẹni tó máa yìn ín.

Àwọn tó o ní wọ́n ti lò ó yẹn, wò ó, títà ẹ̀ ò tíì parí, ilé iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, ibo ni wọ́n ti rí i? Àwọn tó ń ṣe é ló fún wọn. Mi ò ní wọ́n ń parọ́ o, ṣùgbọ́n ọ̀kan tí ẹnjiníà fara balẹ̀ tò fúnra ẹ̀ lórí tábìlì yàtọ̀ sí ẹgbẹ̀rún márùn-ún tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ jáde, ibẹ̀ gan-an ni ìyà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Kickstarter fúnra wọn kéde ní 2012 pé àwọn kì í ṣe ìsọ̀ ọjà, wọ́n sì ní ẹni tó bá ń ṣe ẹ̀rọ ò gbọ́dọ̀ fi àwòrán tí kọ̀ǹpútà yà díbọ́n bí ẹni pé ohun tó wà nìyẹn, kó fi èyí tó ń ṣiṣẹ́ han àwọn èèyàn.

Ìyá Aláṣọ (Ṣábẹ̀)

Ẹ ṣé Bàbá Ẹ̀rọ, àlàyé yín yé mi yékéyéké. Ṣùgbọ́n èmi ò rídìí téèyàn á fi sanwó fún ẹni tí kò rí rí. Àjọ tí à ń dá níbí, a mọ alájọ, a mọ ilé ẹ̀, a mọ ìyá tó bí i, tó bá sá a mọ ibi tá a ti máa wá a. Àwọn tiyín yìí ńkọ́? Tó bá tiẹ̀ dé, ta ló máa gbé e dé Kétu? Bátìrì líthíọ́ọ̀mù kì í ṣe ohun tí wọ́n ń jù sínú àpò lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ó ní òfin tiẹ̀ nínú ọkọ̀ òfúrufú, àwọn mìíràn ò tiẹ̀ ní gbé e. Tó bá dé Kútọnu, àwọn aṣọ́bodè máa gba tiwọn, TVA, ìyẹn owó orí ọjà, 18 nínú 100 wà ńlẹ̀, owó gbígbé ẹ̀ náà wà ńlẹ̀, yúrò 59 ti di nǹkan mìíràn nìyẹn. Kó lọ ra iná sólà tó ní ibi ṣáàjì fóònù nínú ọjà, kó tàn án lójú ẹni tó ń tà á, tí ò bá ṣiṣẹ́ kó dá a padà lọ́la.

Bàbá Ẹ̀rọ (Àjàṣẹ́)

Ìyá wa, òótọ́ lẹ sọ nípa owó ibodè, ẹ ṣeun gan-an, ó yẹ kéèyàn bèèrè lọ́wọ́ wọn kó tó sanwó bóyá wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí Bẹ̀nẹ̀ rárá, ẹlòmíì ò tiẹ̀ kọ orúkọ wa mọ́ ibi tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí. Ibi tá ò ti fẹnu kò ni pé kéèyàn má fowó sí i rárá. Aago Pebble, aago ọwọ́ tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́, ní 2012, dọ́là 100,000 ni wọ́n ń wá lórí Kickstarter, àwọn èèyàn fún wọn ní ohun tó ju mílíọ̀nù 10 lọ, wọ́n pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́ ṣùgbọ́n ó dé, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn ẹ̀. Ẹni tí báǹkì ò lè yá lówó ló ń rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Ethan Mollick, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Pennsylvania, ṣe ìwádìí lórí Kickstarter ní 2015, ó rí i pé nǹkan bíi 9 nínú 100 iṣẹ́ tó rówó gbà ni kò fún àwọn èèyàn ní ohun tó ṣèlérí. Ewu wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n olè kọ́ ni gbogbo wọn.

Èyí tó bà jẹ́, ìṣirò owó ló sábà máa ń bà á jẹ́. Ẹ wo Coolest Cooler, àpótí yìnyín tó ní ẹ̀rọ ìlọ-nǹkan lórí, ó kó dọ́là tó ju mílíọ̀nù 13 lọ ní 2014. Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tó kọ́kọ́ san ò tó wọn ṣe é, ó di pé kí ẹni tó bá fẹ́ tètè rí tiẹ̀ fi dọ́là 97 kún un, wọ́n sì ń tà á fáwọn ẹlòmíì lórí Amazon nígbà tí àwọn tó ti sanwó ń retí. Ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé ní 2019, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ò rí nǹkan kan gbà. Torí náà iye tí wọ́n ń tà á ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Tó bá pọ́ọ́kú ju ohun tí irú ẹ̀ ń náni lọ́jà lọ, mo máa ń sá.

AtúnfóònùṢe (Wàǹdó, Àjàṣẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Mò ń tún fóònù àti páwà báǹkì ṣe, gbogbo irú ẹ̀ ló ń wá sọ́dọ̀ mi. Kó o tó sanwó, bi wọ́n bóyá bóòtù ni wọ́n fi dì í àbí gọ́ọ̀mù. Tó bá jẹ́ bóòtù, tí bátìrì inú ẹ̀ sì jẹ́ 18650, oníròbótó gbọọrọ tó wọ́pọ̀ yẹn, lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ mo lè pààrọ̀ ẹ̀ fún ẹ. Tó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù, bí mo ṣe ń ṣí i ni mò ń bà á jẹ́. Kó o tún bi wọ́n bóyá ó nílò áàpù kó tó ṣiṣẹ́. Pebble tí Bàbá Ẹ̀rọ ń sọ yẹn, ilé iṣẹ́ Fitbit ra ohun ìní wọn ní 2016, nígbà tó di 2018 wọ́n pa ohun tó ń gbé e lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọpẹ́lọpẹ́ àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ tí wọ́n dá tiwọn sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Rebble.

ỌmọAlákétu (Kétu)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Mo ti kọ̀wé sí wọn, mo bi wọ́n bí ojú sólà ẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Wọ́n fèsì pé wákàtí mẹ́ta yẹn, sólà mìíràn tó ṣeé ká ni wọ́n ń sọ, pé ọ̀tọ̀ lowó ẹ̀, yúrò 40. Kò sí níbì kankan nínú fídíò yẹn! Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, mo ti fi nọ́ńbà káàdì báǹkì mi síbẹ̀ láná kí n tó wá bèèrè, ṣé wọ́n ti gba owó náà nìyẹn?

Bàbá Ẹ̀rọ (Àjàṣẹ́)

Rárá, fọkàn balẹ̀. Ní Kickstarter wọn kì í gba owó lórí káàdì títí ọjọ́ tí àkókò ẹ̀ máa pé, tí iye tí wọ́n ń wá ò bá sì pé wọn ò ní gba kọ́bọ̀. Wọlé síbi orúkọ ẹ, wá ibi tí wọ́n kọ ìlérí owó tó o ṣe sí, wàá rí ibi tó o ti lè fagi lé e, ṣe é lónìí, má dúró de wákàtí 24 tó kẹ́yìn torí ìgbà yẹn wọ́n lè má jẹ́ kó o yọ ọ́ tó bá máa mú owó wọn dín sí iye tí wọ́n ń wá. Tó o bá ti yọ ọ́ tán, fi ojú ìwé wọn ránṣẹ́ sí mi. Màá bi wọ́n léèrè ooru yẹn, iye dìgírí tí wọ́n ti dán an wò dé, kí gbogbo èèyàn tó fẹ́ sanwó rí ìdáhùn wọn níbẹ̀.