Àbàwọ́n ni, àbí àpá? Ohun tí kẹ́míkà ń ṣe sí irin ọ̀ṣọ́ ara ọkọ̀

Ẹ̀yin olùfẹ́ èdè wa,

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí ni kí a máa pe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọṣẹ líle, ásíìdì tàbí omi oníyọ̀ bá ba irin ọ̀ṣọ́ ara ọkọ̀ jẹ́, ìyẹn àwọn irin dídán tó yí fèrèsé ká, àwọn tó nà gbọọrọ lórí òrùlé, àti èyí tí wọ́n fi ṣe iwájú ọkọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ìmọ̀ràn mẹ́ta ló ti jáde. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí a pe gbogbo rẹ̀ ní "àbàwọ́n kẹ́míkà". Ẹnì kejì ní "ìpáàrà" ti wà látayébáyé, kò sì sí ìdí tí a fi ń wá òmíràn kiri. Ẹnì kẹta pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì: ó fi "àbàwọ́n" sílẹ̀ fún èyí tó wà lójú irin lásán, ó sì ṣẹ̀dá "ìfín-kẹ́míkà" fún èyí tó ti wọ ara irin lọ. Mo fara mọ́ ìpín tí ó pín in, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ "ìfín".

Kí a kọ́kọ́ mú ìpáàrà kúrò nílẹ̀. Irin gidi ló ń ní ìpáàrà, nígbà tí omi àti afẹ́fẹ́ bá sọ ọ́ di erùpẹ̀ pupa. Alumíníọ́ọ̀mù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Funfun ni ohun tó ń hù lára rẹ̀ bí ó bá ń bàjẹ́. Irin tí kì í dógùn-ún pàápàá, tí krómíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún, lè ní tó-tò-tó pupa lójú kó má sì jẹ́ pé òun ló dógùn-ún: eruku irin tó ń fò jáde láti ara bíréèkì ló lẹ̀ mọ́ ọn, tí eruku náà sì dógùn-ún síbi tó dúró sí. Bí a bá pe ìyẹn ní ìpáàrà irin ọ̀ṣọ́, a ti fi ẹ̀sùn ẹlòmíràn kan án. Àbàwọ́n ni, ó sì ṣeé nù kúrò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n ti hu awọ ààbò fún. Wọ́n máa ń rì í sínú ásíìdì, irú èyí tó wà nínú bátìrì ọkọ̀, wọ́n á wá gba iná mànàmáná kọjá nínú rẹ̀ títí ojú alumíníọ́ọ̀mù náà yóò fi di awọ líle tí a lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti òkè. Awọ yìí kì í sábà nípọn ju máíkírómítà 5 sí 25 lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni máíkírómítà 1,000 ló wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Ásíìdì lè jẹ ẹ́, álíkálì, ìyẹn òdìkejì ásíìdì, náà sì lè jẹ ẹ́. Ààrin ìwọ̀n pH (òṣùwọ̀n tó ń fi hàn bí nǹkan ṣe jẹ́ ásíìdì tàbí álíkálì tó) 4 sí nǹkan bí 8.5 ni ara rẹ̀ ti máa ń balẹ̀. Ọṣẹ ìfọkọ̀ tó lágbára, tí a da sára ọkọ̀ tí oòrùn ti mú gbóná, tí a sì jẹ́ kó gbẹ, ti kọjá ààlà yẹn dáadáa. Ohun tí ẹni tó ni ín yóò rí ni ìlà funfun tó ṣàn wálẹ̀ láti etí fèrèsé, tó tẹ̀lé ojú ọ̀nà tí ọṣẹ gbà kán sílẹ̀ gẹ́lẹ́, tó sì ṣú bíi díńgí tí èèyàn mí sí. Bí a bá bu omi sí i, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i mọ́. Bí omi bá gbẹ, ó tún padà.

Èyí kọ́ ni àbàwọ́n, nítorí kò sí ohunkóhun lójú irin náà tí a lè nù. Apá kan nínú awọ rẹ̀ ló ti lọ. Ẹni tí a bá sọ fún pé àbàwọ́n ni yóò wá kànìnkànìn àti ọṣẹ tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ èyí tó kù. Ìdí nìyí tí n kò fi lè gba ìmọ̀ràn àkọ́kọ́, bí ó tilẹ̀ rọrùn lẹ́nu.

Ní ti "ìfín", ọwọ́ ènìyàn ló máa ń wà nínú rẹ̀. A ń fín igbá, a ń fín àwòrán sára bàbà, bí wọ́n bá sì fi ásíìdì kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sára gíláàsì fèrèsé kí olè má bàa rí i tà, ìfín nìyẹn dájúdájú. Ẹni tó ń fín nǹkan mọ ohun tó ń ṣe, ó sì ní àwòrán lọ́kàn. Ta ló wá fín ìlà funfun sára ọkọ̀ yìí? Kò sí ẹni tó gbèrò rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí gbogbo wa ń lò fún un láìrò ó ni "jẹ": ásíìdì jẹ ẹ́, iyọ̀ jẹ ẹ́. Kí a má kàn sọ ọ́ di "ìjẹra" ni, torí ojú "ìjẹrà" ni òǹkàwé yóò fi wò ó. "Àjẹsára" ní tirẹ̀ sì ti bá abẹ́rẹ́ lọ.

Ohun tí mo dábàá ni "àpá". A ní i tẹ́lẹ̀, kò sì ní kí a ṣẹ̀dá ohunkóhun. Ẹnì kan lè sọ pé ara tó ti jinná ló ń ní àpá, irin kì í sì í jinná. Ṣùgbọ́n a ń sọ àpá àdá lára igi, a sì ń sọ àpá iná lára pákó. Àwọn àgbà ní ojú àpá kì í jọ ojú ara, bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì rí níhìn-ín: bí a bá fi ìpara ìdán ha ibẹ̀ títí tí funfun yẹn fi lọ, awọ ààbò bá a lọ, irin tó ṣẹ́kù lè dán, àmọ́ dídán rẹ̀ kò ní bá ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mu, yóò sì tún tètè bàjẹ́. Níbi tí a bá ti fẹ́ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ibi tí nǹkan ti họ ọkọ̀, kí a kọ "àpá kẹ́míkà".

Irin tí wọ́n fi krómíọ́ọ̀mù bò lórí níkẹ́ẹ̀lì kò fún wa ní ìṣòro ọ̀rọ̀ tuntun. Ihò wínníwínní tí omi oníyọ̀ ń jẹ sára irin tí kì í dógùn-ún ni mo rò pé ó yẹ kó dá dúró, nítorí ó jìn, kì í ṣe ojú nìkan ló bàjẹ́. "Ihò iyọ̀" lè tó fún un, àyàfi bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó sàn jù.

Fún gbólóhùn àpẹẹrẹ tí a óò kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì, ẹ wo ìwọ̀nyí: "Omi líle tó gbẹ fi àbàwọ́n sílẹ̀ lójú irin náà, a sì fi aṣọ tútù nù ún kúrò." "Ọṣẹ líle ti jẹ awọ irin òrùlé ọkọ̀ náà, àpá rẹ̀ kò sì ṣeé fọ̀."