"Borrow" tó fẹ́ sọ ìyá mi di onígbèsè

Okun o, gbogbo ilé. Wọ́n ní kí a sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ti fojú wa rí nǹkan. Tèmi ni borrow.

Mo ti ṣe WAEC tán, mo ń retí èsì nílé, ní ìlú Ìyàrà, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Àwọn ìyá ọjà inú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ìyá mi wà ní kí n wá máa bá àwọn kọ ìwé owó. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fẹ́, torí wọ́n máa kó ìwé náà lọ sí báńkì kan ní Kàbà, kí wọ́n lè rí owó gbà kí àsìkò kajú tó wọlé. Mo ra ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle, mo fi rúlà fa ìlà sí i. Iṣẹ́ náà wù mí gidigidi.

Ìyá mi yá ìyá onígàrí ní 15,000 náírà. Ojú mi ni wọ́n ṣe ka owó náà. Mo wá kọ ọ́ bó ṣe wà létí mi: orúkọ ìyá mi, borrow, orúkọ ìyá onígàrí, 15,000. Ìyá mi yá ìyá onígàrí. Lójú mi, kò sí ohun tó kù.

Lóṣù kẹta, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà wá bá wọn yẹ ìwé wò. Ó ń pe gbèsè jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé orí ìlà yẹn, ó gbójú sókè, ó ní, "Màmá, 15,000 wà lọ́rùn yín."

Ìyá mi ní, "Lọ́rùn ta ni? Èmi tí mo tú àpò mi?"

Ìyá onígàrí ò sọ̀rọ̀. N ò ní pè é lólè o, ó lè jẹ́ pé ẹ̀rù ló bà á. Ohun tó dùn mí wọra ni ojú tí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ fi wo ìyá mi, bí ẹni tó fẹ́ sẹ́ owó olówó. Ìwé ti wí tirẹ̀. Obìnrin tó jẹ́ pé bí o bá gbàgbé ṣéńjì sọ́dọ̀ rẹ̀, á sáré tẹ̀ lé ọ dé gárééjì.

Mo dìde, mo ní èmi ni mo kọ ọ́, pé ìyá mi ló yá a lówó. Bàbá Tíṣà ò jágbe mọ́ mi. Ó ní kí n wá ṣọ́ọ̀kì. Ara ilẹ̀kùn ló kọ ọ́ sí:

Ìyá yá onígàrí lówó.
Onígàrí yá owó lọ́wọ́ Ìyá.

Ó ní, "Ṣé owó kan náà ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó fi ìka lu lọ́wọ́. "Èyí ló ń sọ ọ̀dọ̀ ẹni tí owó ti jáde. Àwa fi yá sílẹ̀ kó máa lọ kó máa bọ̀, a wá fi lọ́wọ́ tọ́ ọ sọ́nà. Ti òyìnbó yàtọ̀, ọ̀rọ̀ náà gan-an ló ń pààrọ̀. Ẹni tó gbà ló borrow, from á tẹ̀ lé e. Ẹni tó fúnni ló lend, to ló sábà máa ń bá a rìn. Ìwọ gbé yá wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, o gbàgbé lọ́wọ́ sílé."

Látọjọ́ náà, n kì í gbà fún ẹni tó bá ní Yorùbá ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó yáni lówó àti ẹni tó yáwó. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, ibòmíràn ló fi àmì rẹ̀ sí. Ẹ sì wo lówó àti lọ́wọ́ lára ilẹ̀kùn yẹn. Àmì abẹ́ nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀, àmì tí a kì í fi sí i mọ́ tí a bá ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù.

Mo tún ìlà náà kọ. Mo kọ́kọ́ kọ lended, Bàbá fagi lé e, ó kọ lent.

Àwọn tó fèsì:

Tíṣà kan, Kàbà
JSS 2 ni mo ń kọ́. "Borrow me your biro" kì í wọ́n ní kíláàsì mi. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n fi ẹni tó bá sọ ọ́ rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, mo ti jáwọ́ nínú ìyẹn. Ọmọ méjì ni mo ń pè síwájú báyìí. Bí báírò bá ṣe ń kúrò lọ́wọ́ ọ̀kan, á ní "I lend", èyí tó ń gbà á á ní "I borrow", lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan bi mí pé kọ́ náà ńkọ́, tó jẹ́ teach, tó tún jẹ́ learn? Inú mi dùn débi pé mo ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀, láti Jámánì
Àwọn ará ibí náà ń ṣe é! Leihen wọn dà bíi yá wa, ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà ló ń lò ó. Borgen náà bẹ́ẹ̀, òun àti borrow sì jọ jẹ́ ẹbí. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, borg ni wọ́n ń pe ohun ìdógò. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ mi, ọmọ Jámánì pọ́ńbélé, sọ fún mi pé "Can you borrow me". Ó ṣe mí bí ẹni pé mo wà nílé.

Ìyá kan, Mọ́pà
Ẹ má gbàgbé wín. Ìyá tó bí mi kì í ní kí wọ́n yá òun níyọ̀. Wín ni. Iyọ̀ tó bá wọ ọbẹ̀ kò ṣeé kó padà, òmíràn lo máa bù san. Ọ̀bẹ ni wọ́n ń yá, torí ọ̀bẹ yẹn gan-an ló ń bọ̀ wálé. Borrow ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe méjèèjì.

Ẹni tó kọ́kọ́ kọ̀wé
Màmá, ẹ ṣeun, mo ti gbàgbé wín pátápátá. Ẹ lè máa rò ó bóyá owó náà padà. Ó padà, lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, níṣojú gbogbo wọn. Ìyá mi ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé. Mo kọ ọ́: She has returned the 15,000 she borrowed. Ó ní kí n kà á, mo kà á. Ó ní kí n wá sọ ọ́ ní tiwa, kí òun tó di owó mọ́ ìdí ìró.