Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti kó ásíìdì rọ́bà wọlé láti Ṣáínà rí?
Ẹ kú iṣẹ́ o. Oko rọ́bà la ní lápá Òkìtìpupa, ásíìdì formic la sì fi ń mú oje rẹ̀ dì. Ọwọ́ alágbàtà kan l'Ékòó ni mo ti ń rà á, kẹ́ẹ̀gì oníkílò 35. Àmọ́ èyí tó kó wá kẹ́yìn, wọ́n ti bomi là á. Oje tó yẹ kó ti dì kílẹ̀ tó mọ́, ó ṣì ń ṣàn bí ògì! Mo ní kí n kúkú rà á tààrà.

Ará Ṣáínà tí mo kàn sí fi ìwé méjì ránṣẹ́. Ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún làwọn méjèèjì pe agbára ásíìdì náà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà UN tí wọ́n fi ń dá ẹrù eléwu mọ̀ ò bára mu: UN 1779 ló wà lórí ìnfọ́ísì, UN 3412 ló wà lórí ìwé ààbò. Bí mo ṣe kà á, 1779 wà fún èyí tó ju 85 lọ, tíná lè ràn mọ́. 3412 wà fún 5 sí 85. Àbí mo ṣì í kà? Mi ò fẹ́ kí wọ́n dá kọ̀nténà dúró ní Àpápá, kówó ìdádúró máa gorí ara wọn.

Lórúkọ ta ni ìwé àṣẹ NAFDAC yẹ kó wà? Ẹnì kan ní kí n lo tirẹ̀, kí n fún un ní "nǹkan díẹ̀". Ọkàn mi ò gbà á.

Ẹrù mi ò sì kún kọ̀nténà. Ṣé wọ́n máa ń kó ásíìdì pọ̀ mọ́ ẹrù ẹlòmíì?

Ẹni tó ti ṣe é rí ni mo ń bẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ tajà fún mi, ẹ ní sùúrù ná.