Àbọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́dàlì bàbá bàbá mi

Ẹ rántí pé mo béèrè bóyá lóòótọ́ ni bàbá bàbá mi, tó ń fi sítírẹ́ṣà gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ ní Bọ́mà nígbà ogun Hítílà, gba mẹ́dàlì akin. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin l'Ọ́gbómọ̀ṣọ́ ti tú àpótí. Méjì ló wà nínú àkísà àdìrẹ. Ìkíní, ìràwọ̀ bàbà onígun 6 tó ń jẹ́ Burma Star, ò jọ mí lójú, torí gbogbo ẹni tó jagun Bọ́mà ló tọ́ sí. Èkejì ni mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ nù (ẹ má bú mi, mo mọ̀ pé kò dáa fún mẹ́dàlì): fàdákà ni, orí Ọba George Kẹfà wà níwájú, orúkọ àti nọ́ńbà bàbá wà létí rẹ̀ fínnífínní. Military Medal ni, mẹ́dàlì akin gan-an! Ẹ̀gbọ́n ní, "Ṣé mo parọ́?" Ẹ ṣé o, ìbéèrè mi ti parí.