Hitch (irin tí wọ́n ń dè sí ìdí ọkọ̀ láti fi fa tírélà) lábẹ́ ọkọ̀ kékeré: èwo la máa rà, báwo la ṣe ń dè é, wáyà wo ló lọ síbo?

Ìyá Ìbejì, Kánádà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. RAV4 ọdún 2020 ni mò ń wà, alépo lásán, kì í ṣe Hybrid tó ń lo epo àti bátìrì. Mo fẹ́ fi hitch sí i kí n lè máa fa tírélà kékeré, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, tó gùn ní mẹ́jọ. Mo rí hitch kan tí wọ́n kọ "Class III, 3,500 lb" sí lára, ìyẹn ìpele agbára rẹ̀ àti ìwúwo tó lè fà ní pọ́n-ùn. Ṣé kí n rà á? Ṣé èèyàn sì lè fúnra rẹ̀ dè é?

Mẹkáníìkì Àgbà, Houston:
Ẹ kú àárọ̀, ìyá wa. Ẹ lè rà á, àmọ́ hitch ló ni iye tó wà lára rẹ̀ yẹn, ọkọ̀ yín kọ́. RAV4 alépo lásán, 1,500 lb ni Toyota ní kó fà, ìyẹn nǹkan bíi kílò 680. Àwọn RAV4 bíi Adventure ló ń fa 3,500. Honda Pilot náà bẹ́ẹ̀: èyí tí ẹsẹ̀ iwájú nìkan ń wọ́, 3,500; èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wọ́, 5,000. Ìwé ọkọ̀ tiyín gan-an ni kẹ́ ẹ ṣí, ẹ má wo ti aládùúgbò.

Ọkọ̀, hitch, irin tí bọ́ọ̀lù jókòó lé, bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ (irin roboto tí ẹnu tírélà máa ń gùn), ẹnu tírélà: èyí tí iye tirẹ̀ kéré jù nínú wọn ló ń pàṣẹ fún ìyókù. Ẹ sì ka tírélà òfìfo mọ́ ọn o. Bó bá wọn 700 lb láìgbé nǹkan kan, ẹrù tó kù fún un lẹ́yìn RAV4 yín ò ju 800 lọ.

Akẹ́rù, Atlanta:
Ẹ jẹ́ n fi ti ìwúwo orí bọ́ọ̀lù kún un, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fojú fò ó. Ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo tírélà pẹ̀lú ẹrù ló yẹ kó tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 1,400 lb, 140 sí 210 nìyẹn, kò sì gbọdọ̀ kọjá ohun tí ìwé ọkọ̀ fàyè gbà. Tó bá fúyẹ́ jù, tírélà á máa ju ìdí kiri lórí eré, tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ó ṣòro kó tó gbọ́. Tó bá wúwo jù, ìdí ọkọ̀ á rilẹ̀, táyà iwájú ò ní di títì mú dáadáa mọ́, iná iwájú á sì máa wọ ojú àwọn tó ń bọ̀. Ẹ kó nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù sí iwájú ẹsẹ̀ tírélà.

Ìlẹ̀mọ́ tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn awakọ̀, tó sọ iye tí èèyàn àti ẹrù inú ọkọ̀ ò gbọdọ̀ kọjá, ìwúwo orí bọ́ọ̀lù náà ń jẹ nínú ẹ̀. Àgbàlagbà márùn-ún nínú ọkọ̀ pẹ̀lú tírélà lẹ́yìn, ẹ lè ti kọjá ààlà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé kí n kúkú ra Class I nígbà náà, ó kéré, ó sì fúyẹ́?

Mẹkáníìkì Àgbà:
Rárá o. Ihò Class I àti Class II jẹ́ íǹṣì 1¼, ti Class III jẹ́ íǹṣì 2. Irin agbékẹ̀kẹ́ àti ọ̀pọ̀ nǹkan tẹ́ ẹ máa fẹ́ kì bọ̀ ọ́ lọ́la, ti íǹṣì 2 ló pọ̀ jù lọ́jà. Ẹ ra oníhò íǹṣì 2, kẹ́ ẹ má kọjá 1,500. Àwọn irin àfikún tó ń sọ ihò kékeré di ńlá, ẹ sá fún wọn: wọn kì í fi agbára kún un, àwọn tó gùn tún máa ń dín in kù.

Ó ṣeé dè fúnra ẹni tó bá jẹ́ pé irú tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ yín gan-an lẹ rà, tí ẹ ò ní gbẹ́ ihò tuntun, tí ẹ ò sì ní fi iná jó nǹkan kan. Hitch wúwo, nǹkan bí 30 sí 50 lb, nítorí náà ẹni méjì ni, tàbí jáàkì kejì tó máa gbé e dúró. Ẹ gbé ìdí ọkọ̀ lé orí ìdúró irin, ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé. Ẹ tú ike abẹ́ bọ́ńpà tó bá bo ojú ibẹ̀.

Sàlẹ́ńsà ló máa ń dínà. Ẹ fi okùn tàbí bẹ́líìtì gbé e dúró kẹ́ ẹ tó yọ rọ́bà tó fi kọ́, kó má baà fà lulẹ̀ kó sì já níbi ìsopọ̀ iwájú. Rọ́bà yẹn kì í jáde fún agbára: ẹ fi omi ọṣẹ sí i, ẹ máa yí i lọ yí i bọ̀, á yọ.

Tí ihò tó wà nínú ṣásí bá ti ní nọ́ọ̀tì tí ilé iṣẹ́ jó mọ́ ọn, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́: ní Kánádà tí wọ́n ń da iyọ̀ sójú títì, ó ti dípẹtà. Ẹ fọ́n òróró tó ń wọnú ìpẹtà sí i lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ha inú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ lásán yí bóòtù wọlé. Tí kò bá gba ọwọ́, ẹ má fi sípánà fipá mú un. Bóòtù á jẹ ìlà lílọ́ inú nọ́ọ̀tì tán, tàbí kí nọ́ọ̀tì já kó máa yí lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ṣásí níbi tí ọwọ́ ò lè dé. Tápù (irin tó ń gbẹ́ ìlà lílọ́ sínú ihò) tó bá ìlà lílọ́ bóòtù náà mu ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi tún un ṣe.

Níbi tí kò bá sí nọ́ọ̀tì, wáyà lílọ́ kan máa ń wà nínú àpò bóòtù. Ẹ ti wáyà náà gba ihò tí hitch máa jókòó sí, kó jáde níbi ihò ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí ìparí ṣásí. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin wọ̀ ọ́ lọ́rùn kọ́kọ́, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ lọ́ imú bóòtù sínú lílọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ wá fà á padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ má yọ wáyà yẹn títí hitch á fi dé ipò rẹ̀ tí nọ́ọ̀tì á sì gun bóòtù. Bí bóòtù bá já bọ́ padà sínú ṣásí, òòfà ló kù tẹ́ ẹ máa fi wá a.

Ẹ fi ọwọ́ so gbogbo bóòtù kẹ́ ẹ tó fún ẹyọ kan pinpin. Sípánà tó ń wọn agbára ni kẹ́ ẹ fi parí ẹ̀, iye rẹ̀ wà nínú ìwé hitch. Ìbọn tó ń yí nọ́ọ̀tì ò mọ iye, ó kàn ń fún ni.

Rewáyà, Minneapolis:
Ti iná wá kù. Ẹ má gé wáyà iná ẹ̀yìn ọkọ̀ òde òní rárá. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń ṣọ́ wọn. Bí iná tírélà bá fa kọ́ọ̀ǹtì kún un, á rò pé àìsàn ni, ó sì lè pa iná náà. Ẹ ra àkójọ wáyà tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ yín, tó máa ń so pọ̀ lẹ́yìn àwo iná, tó ní àpótí kékeré tó ń gba kọ́ọ̀ǹtì tirẹ̀ tààrà láti orí bátìrì. Fíùsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nítòsí bátìrì, kó lè gba ọ̀nà gígùn yẹn là tí wáyà bá ha mọ́ irin. Ìgbẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ ki fíùsì náà bọ̀ ọ́.

Ẹnu pẹlẹbẹ olórí mẹ́rin tó ń so wáyà ọkọ̀ mọ́ ti tírélà: funfun ni wáyà ilẹ̀ (èyí tó ń gbé kọ́ọ̀ǹtì padà), búráùn ni iná alẹ́, yẹ́lò ni tirafikétọ̀ àti bíréèkì òsì, gíríìnì ni ti ọ̀tún. Tí tírélà bá ní bíréèkì oníná, olórí méje lẹ máa nílò, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń darí bíréèkì lọ́dọ̀ awakọ̀. Ní Ontario, tírélà tó bá kọjá kílò 1,360 pẹ̀lú ẹrù gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tirẹ̀.

Awakọ̀, Manchester:
Fún àwa tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì: towbar la ń pè é, ó sì gbọ́dọ̀ ní àmì ìfọwọ́sí tí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti August 1, 1998. Ẹ̀rọ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun tún nílò kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà sọ fún un pé towbar ti wà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohùn ìkìlọ̀ ìpadàsẹ́yìn á máa ké mọ́ tírélà. Láti December 2021, ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ọkọ̀ lásán lè fa tírélà tó tó kílò 3,500 láìṣe ìdánwò mìíràn, bí ọkọ̀ rẹ̀ bá lè fà á.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀gbọ́n Rewáyà, bọ́ọ̀lù wo ni kí n rà? Tí iná bá sì ṣiṣẹ́ lódì ńkọ́?

Akẹ́rù:
Ẹ gbà mí láàyè kí n dáhùn ti bọ́ọ̀lù. Ìwọ̀n rẹ̀ ní íǹṣì wà lára ẹnu tírélà: 1⅞, 2 tàbí 2 5/16. Ó gbọ́dọ̀ bára mu gẹ́lẹ́. Ẹnu 2 lórí bọ́ọ̀lù 1⅞ máa ń jókòó, á sì dà bíi pé ó ti tì, gegele àkọ́kọ́ ló máa já a kúrò. Tẹ́ ẹ bá ti tì í, ẹ fi jáàkì iwájú tírélà gbé e sókè díẹ̀: ìdí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ̀wọ̀n méjèèjì, ẹ gbé ti òsì sọ́tùn-ún, ti ọ̀tún sósì, lábẹ́ ẹnu tírélà, kí wọ́n lè gbà á bó bá bọ́.

Rewáyà:
Tí iná bá ń mọ́ fírífírí, tàbí tẹ́ ẹ tẹ bíréèkì tí iná alẹ́ wá ń ṣẹ́jú, wáyà funfun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ ha ọ̀dà kúrò lára irin títí á fi dán, ẹ fi bóòtù so ó mọ́ ibẹ̀, ẹ fi gírísì bò ó. Ti ọkọ̀ dára, ti tírélà náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ tírélà ń retí kí bọ́ọ̀lù gbé kọ́ọ̀ǹtì padà, ìyẹn ò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Kẹ́ ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ fi tẹ́sítà wọn ẹnu tó wà lára ọkọ̀ láìso tírélà mọ́ ọn: bí gbogbo ojú bá pé, inú tírélà ni wàhálà wà.

Mẹkáníìkì Àgbà:
Ẹ tún wọn bóòtù hitch wò lẹ́yìn máìlì 50 àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá ti fa ẹrù. Ẹ fi pẹ́ẹ̀ńtì fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin. Tí ìlà náà bá ti ṣẹ́, ó ti yí.