Ẹgbẹ́ mẹ́fà láìní alága: ṣé ká forúkọ sílẹ̀?
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ mẹ́fà ni wá ní Adó, Ìkọ̀lé àti Ìjerò. Àwọn kan ń ran opó lọ́wọ́, àwọn kan ń sanwó ilé-ìwé ọmọ aláìní. A ò ní alága, a ò dá owó ẹgbẹ́. Orí WhatsApp la ti ń pe ara wa: bí ìrẹsì bá ṣẹ́kù ní Ìkọ̀lé, kílẹ̀ tó ṣú ó ti dé Adó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Ọmọ Èkìtì kan lókè òkun fẹ́ fún wa lówó, àmọ́ ó ní àfi ká forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ìyẹn ni pé a ó yan àwọn tórúkọ wọn máa wà nínú ìwé. Ìjà ipò ló ń bà mí lẹ́rù.

Ṣé ẹgbẹ́ kan tó ti níwèé CAC láàárín wa lè gbowó náà fún gbogbo wa? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe kọ àdéhùn yín?