Ẹ̀yin oníròyìn bọ́ọ̀lù, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Shooting Stars ni mò ń kọ ìròyìn nípa rẹ̀ n'Íbàdàn. Líìgì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àsìkò yẹn gan-an nìyàwó mi máa bí àkọ́bí wa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, sálúbàtà mi ló ń wọ̀ kiri ilé. Eré Adámásingbà, pápá ìṣeré tó wà n'Íbàdàn níbí, ò ni mí lára. Ti Kánò àti Màídúgùri ni wàhálà. Mo bẹ ọ̀gá mi kí n máa gbọ́ ọ lórí rédíò, ó ní ta ló máa wá bi kóòṣì ní ìbéèrè? (Òótọ́ ló sọ ṣá.) Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bẹ oníròyìn tó ń gbé lọ́hùn-ún níṣẹ́ rí: ṣé iye eré lẹ fi ń sanwó fún un, orúkọ ta ló sì ń wà lórí ìròyìn náà?